Aṣọ Tí A Kò Tíì Fọ̀

Ẹni tó bá sọ fún mi lónìí pé eyín ló ń dààmú ọmọ, ọ̀rọ̀ burúkú ló máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí pé àgbàlagbà ni mí. Mo mọ̀ pé kò dáa. Eyín kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n eyín la fi tan ara wa jẹ nínú ilé yìí títí ọmọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, inú mi kò sì tíì rọ̀.

Ilé àbúrò mi ọkùnrin ni mò ń gbé. Alásè ilé ìwé ni mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí orúnkún mi ní òun kò lè dúró ti ìkòkò mọ́, àbúrò mi wá kó ẹrù mi, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun àti ìyàwó òun. Aránṣọ ni ìyàwó wa. Ọkọ rẹ̀ ló ń lọ aṣọ. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wọn: maṣíìnì méjì lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ láàárín, tábìlì ìlọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òwú oríṣiríṣi àwọ̀ lórí ìṣó. Iṣẹ́ tèmi ni ọmọ wọn. Ó pẹ́ kí ó tó dé, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rètí nù. Ìgbà tó sì dé tán, ó gba ilé mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Á jágbe, a ó sáré. Á nawọ́, a ó gbé e wá. Mádàámù la ń pè é, kò tíì pé ọmọ ọdún kan.

Ìyàwó wa mọṣẹ́. Mo lè bá a fa ọ̀rọ̀ iyọ̀ inú ọbẹ̀, mo lè bá a fa ọ̀rọ̀ ibi tó ń gbé ìgbálẹ̀ sí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ bá a fa ọ̀rọ̀ aṣọ. Bó bá bu aṣọ lẹ̀ fún ọ, ìwọ alára á wá ojú ibi tó ya tì. Ìwà rẹ̀ kan ṣoṣo tó máa ń bí mi nínú ni pé eyín ló fi ń já òwú. Sísọ́ọ̀sì kékeré rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Màá ní, "Ìyàwó mi, ṣé ẹ̀gbà ọrùn ni sísọ́ọ̀sì yẹn?"

Á dá mi lóhùn tòun ti òwú lẹ́nu, "Ẹ̀gbọ́n, eyín ló yá jù."

Oko òdòdó ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú. Bọ́ọ̀sì ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Abẹ́ òrùlé ọ̀rá ni wọ́n ń gbin òdòdó náà sí. Wọ́n á gé e, wọ́n á dì í, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tò ó sínú ìgò lórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni kò ní jẹ ẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tó bìkítà bí oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sí i ṣe pọ̀ tó. Kòkòrò kò sáà gbọdọ̀ dá ewé kan lu. Àwọn tó ń fín oògùn náà máa ń pọn táǹkì sẹ́yìn. Táǹkì á máa jò sí wọn nídìí, ẹ̀gún òdòdó á máa fa aṣọ wọn ya lórúnkún àti ní itan. Aṣọ iṣẹ́ búlúù ni, èyí tí ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀ so pọ̀. Gbogbo èyí tó bá ya láàárín ọ̀sẹ̀, ìyàwó wa ni wọ́n ń kó o wá fún ní ọjọ́ Ẹtì.

Gìrìpá ló ń gbé àpò náà wá. Àwa la sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí igbá àyà rẹ̀. Òun náà wà lára àwọn tó ń fín oògùn, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, nítorí náà bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, á gbé àpò kọ́ èjìká, á yà lọ́dọ̀ wa. Ọmọlúàbí ni. Á dọ̀bálẹ̀ kí mi bí ẹni pé èmi ni mo bí i, á sì ti máa fi ojú wá Mádàámù kiri kó tó dìde.

Lọ́jọ́ kan, Gìrìpá gbé àpò sílẹ̀, ó ní, "Àǹtí, wọ́n rán mi sí yín. Ìyá tó ń fọṣọ lóko ní òun fẹ́ máa kọ́kọ́ fọ àwọn aṣọ yìí kí n tó máa gbé wọn wá. Ó ní wọ́n ń rùn."

Ìyàwó wa yọ abẹ́rẹ́ kúrò láàárín ètè. "Sọ fún un pé kó má dán an wò. Aṣọ tó ya, tí wọ́n bá jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, gbogbo etí ibi tó ya ló máa tú. Ihò tó tó ìka á di ihò tí orí ènìyàn lè gbà kọjá. Níbo ni kí n wá fi abẹ́rẹ́ mú? Kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán an. Bí mo bá rán an tán, kó fi ọṣẹ pa á."

Gìrìpá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Màá jíṣẹ́."

Irọ́ kọ́ ló pa o. Aránṣọ tó bá mọ ohun tó ń ṣe, ohun tó máa sọ nìyẹn: rán kí o tó fọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí òun náà ṣe ń kọ́ ẹlòmíì nìyẹn. Ìyá afọṣọ kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Aṣọ ń ti ara àwọn tó ń fín oògùn bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú òógùn wọn àti ohun tó jò sí wọn lára.

Àbùlẹ̀ kì í jókòó dáadáa bí a kò bá kọ́kọ́ lọ̀ ọ́. Àbúrò mi á tẹ́ aṣọ, á da omi díẹ̀ sí i, á gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, èéfín omi á rú sí gbogbo yàrá. Ó ní òórùn kan, bí ìgbà tí aáyù bá ń bàjẹ́. A ní òórùn òdòdó ni. Àbúrò mi ní òórùn iṣẹ́ ni, pé ẹni tí kò bá fẹ́ kó rùn kó lọ jókòó sílé. Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò tiẹ̀ nítumọ̀, nítorí ilé náà la jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn Mádàámù wá kù. Ibùsùn onígi dáadáa ni wọ́n rà fún un, wọ́n ta àwọ̀n bò ó. Mádàámù kò fojú ire wò ó rí. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kàn án, igbe ta. Lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ wọ ìyá rẹ̀ lọ́rùn, ó tẹ́ ọmọ sórí òkìtì aṣọ iṣẹ́ lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ pé kó wà níbẹ̀ ná. Ọmọ sùn lọ fọnfọn. Aṣọ tí wọ́n ti wọ̀ wọ̀ wọ̀ tó ti rọ̀, ariwo maṣíìnì, ohùn ìyá rẹ̀ lókè, kí ló tún ń wá? Láti ọjọ́ náà, bí àpò bá ti dé, wọ́n á dà á sábẹ́ tábìlì, wọ́n á fi ọwọ́ tún un ṣe, Mádàámù á gba àga ọba rẹ̀. Inú gbogbo wa dùn. Mo ń rí àyè na ẹsẹ̀ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni itọ́ bẹ̀rẹ̀.

Itọ́ yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Á rin àyà aṣọ rẹ̀ gbindingbindin, a ó pààrọ̀ rẹ̀, òmíràn á tún rin. Ìgbẹ́ rẹ̀ di omi. Á máa làágùn lórí nígbà tí ooru kò mú, á máa ké láìnídìí. Ìyá rẹ̀ ní eyín ni. Àwọn oníbàárà tó wọlé wá wọn aṣọ ní eyín ni, wọ́n á sì sọ ti ọmọ tiwọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àbúrò mi á fi ìka tẹ ẹran eyín ọmọ, á ní òun ti fọwọ́ kàn án, ó ti ń yọ. Nǹkan kan kò yọ. Èmi ní ooru áyọ́ọ̀nù ni, mo sì dúró lé e lórí. Ẹnì kan kò rí i nínú wa pé bó bá di àárín ọ̀sẹ̀, ara ọmọ á balẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Bí ọjọ́ Ẹtì bá dé, ó tún di itọ́. Ta ni í fi ọjọ́ ọ̀sẹ̀ wo eyín?

Àwa náà kò gbádùn. Orí a máa fọ́ ìyàwó wa ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, á fi ìdikù wé e, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ojú àbúrò mi ń ṣe bàìbàì. Ó lọ ra awò ojú lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, ó gbé e wọ̀ bí ọ̀gá ilé ìwé, ó ní ojú òun ti là. Kò pẹ́ tó fi áyọ́ọ̀nù jó ọrùn aṣọ oníbàárà. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí inú fi bí i.

Ọjọ́ Ẹtì tí mo ń sọ, òjò ti ṣú láti òwúrọ̀. Àpò tí Gìrìpá gbé wá tóbi. Ó ní kòkòrò kan tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí ló wọ oko, àwọn ọ̀gá sì ti pààrọ̀ oògùn sí èyí tó le. Ó ń fi yangàn ni: "Màmá, bí a bá fín in báyìí, kòkòrò kì í dúró dágbére." Ẹ̀yìn àwọn aṣọ míì nínú àpò náà ṣì tutù. Ó lọ. Òjò dé lẹ́yìn rẹ̀, atẹ́gùn ń gbá omi wọlé sára aṣọ oníbàárà. A ti fèrèsé, a ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó wa jókòó ti maṣíìnì, àbúrò mi ń lọ àbùlẹ̀, èéfín ń rú, Mádàámù ń sùn lábẹ́ tábìlì. Mo lọ gbé omi kaná ní ẹ̀yìnkùlé.

Ìgbà tí mo padà wọlé, ojú ta mí. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ọmọ. Ọmọ tó sùn kì í rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ìfófó wà lẹ́nu rẹ̀, ọrùn rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo ní, "Ìyàwó mi, ọmọ yìí ò dáa o."

Kò gbójú sókè. "Ó ń sùn ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí i, ó kù díẹ̀ kí n parí èyí."

Mo fà á jáde. Apá rẹ̀ rọ̀ dirodiro. Ìhó omi ń dún nínú àyà rẹ̀ bó ṣe ń mí, iṣan itan rẹ̀ ń fò pìpì. Mo la ìpéǹpéjú rẹ̀, dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ ti sún kì, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo figbe ta, àbúrò mi ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ìyàwó wa dìde pẹ̀lú òwú tó ṣì so mọ́ ọn lẹ́nu. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó sì sáré sínú òjò láìwọ bàtà. Takisí kan ń kọjá, àbúrò mi dúró sí iwájú rẹ̀ gbagidi. Bí awakọ̀ kò bá tètè dúró ni, ó máa gbá a.

Nínú ọkọ̀ ni ìyàwó wa fi ọmọ mọ́ àyà, ó ń fi etí ẹ̀wù tó wọ̀ nù ún lẹ́nu. Ẹ̀wù tó fi ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ni. Èmi náà jókòó tì í, mo ń wò ó, n kò mọ nǹkan kan.

Ní ọsibítù, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sáré wọlé. Dókítà obìnrin kan jáde wá, mo ti tó bí i lọ́mọ. Ó béèrè pé, "Ẹ̀yin òbí, kí lẹ fín sílé?"

Àbúrò mi ní, "A ò fín nǹkan kan."

"Oògùn ẹ̀fọn? Oògùn aáyán? Ṣé ẹ ní oko? Ṣé ọmọ gbé ìgò kan sẹ́nu?"

"Dókítà, mo ní a ò fín nǹkan kan! Aránṣọ ni wá. Aṣọ ni a ń rán." Ó ti ń jágbe. "Eyín ló ń hù sí i, òjò sì pa á bí a ṣe ń gbé e bọ̀. Ẹ fún un ní oògùn òtútù!"

Nọ́ọ̀sì kan jáde pẹ̀lú aṣọ ọmọ nínú ọ̀rá, ó di ọrùn ọ̀rá náà pinpin, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú. Ó sọ nǹkan sí dókítà létí. Dókítà sún mọ́ ìyàwó wa, ó tẹ orí sí èjìká rẹ̀, ó fimú fa òórùn. Mo rò pé ó fẹ́ kí i ni.

Ó ní, "Aṣọ ta lẹ ń rán?"

Ìyàwó wa sọ fún un. Ó sọ ti oko òdòdó, ti aṣọ búlúù, ti òkìtì abẹ́ tábìlì. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, nítorí òun náà ti ń gbọ́ ohun tó ń sọ.

Dókítà sáré wọlé padà. A gbọ́ ọ tó ń pe orúkọ abẹ́rẹ́ kan, tó ní kí wọ́n tún un gún, kí wọ́n tún un gún títí àyà ọmọ fi máa gbẹ. Nígbà tó tún jáde, ó mú wa jókòó. Ó ní oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò yẹn, ibi tó ń bá jà lára kòkòrò náà ló ń bá jà lára ènìyàn. Ó ń gba ara wọlé, ó ń gba imú wọlé, àwọ̀ ọmọdé sì fẹ́lẹ́. Áyọ́ọ̀nù tó gbóná ló ń sọ ọ́ di èéfín. Itọ́, òógùn, ìgbẹ́ omi, gbogbo rẹ̀ iṣẹ́ oògùn náà ni. Orí tó ń fọ́ ìyá, ojú tó ń ṣe bàbá bàìbàì, òun náà ni.

Ó wá ní, "Ohun tí kò yé mi ni pé oko ńlá bẹ́ẹ̀ ní ibi ìfọṣọ. Ta ló ní kí wọ́n máa kó aṣọ jáde láìfọ̀?"

Àbúrò mi wo ilẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fẹ́ sọ pé àwọn olóko ni, kí wọ́n máa ru ẹrù wọn. Ìyàwó wa ti la ẹnu.

Ó ní, "Èmi ni."

Dókítà kò bá a wí. Ó gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, ó ní kó lọ bọ́ aṣọ, kó wẹ̀, kó fọ irun. Nọ́ọ̀sì mú un lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo lọ wò ó. Mo bá a lábẹ́ omi, ó ń fi kànhìnkànhìn ha apá ara rẹ̀, ó ti bó. Mo ní, "Ó tó, ìyàwó mi, ó tó." Kò gbọ́ mi. Mo gba kànhìnkànhìn lọ́wọ́ rẹ̀ tipátipá, mo ti omi pa, mo fi aṣọ wé e. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ: "Èmi ni mo tẹ́ ẹ síbẹ̀." Mo bínú sí i, mo bínú sí àbúrò mi, mo bínú sí oko òdòdó àti gbogbo ẹni tó ń fi òdòdó sórí tábìlì. Ká ní mo mọ ẹni tí mo lè lù lọ́jọ́ náà, ǹ bá lù ú.

Wọn kò ṣèlérí fún wa. Dókítà ní kí a máa wò ó ná. Wọ́n ki rọ́bà sí i nímú, ẹ̀rọ kan ń bá a mí. Àwa mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a kò lè wo ojú ara wa. Ẹ̀mí ọmọ ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà kan nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló sáré wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àbúrò mi sì di ọwọ́ mi mú bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọdé. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, ọmọ kò kú. Àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n yọ rọ́bà, ó sì ké. N kò gbọ́ ohun tó dùn tó igbe náà rí. Nọ́ọ̀sì gbé e, ó nà án sí ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ gbé e fún Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Èmi máa gbé e tó bá yá."

Mo rò pé ẹ̀rù ni, pé ó máa lọ. Kò lọ. A délé, a fi ọṣẹ fọ ṣọ́ọ̀bù láti òrùlé dé ilẹ̀, a kó gbogbo aṣọ iṣẹ́ sínú ọ̀rá, àwọn olóko rán ọkọ̀ wá kó o. Ìyàwó wa ń se oúnjẹ ọmọ, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń jókòó ti ibùsùn rẹ̀ tó bá ń sùn, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án. Ó fún wàrà rẹ̀ dànù sínú abọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ti ní kó máa fún un lọ́yàn. Mádàámù á nawọ́ sí i, á máa ké, á tẹ ara sẹ́yìn lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ̀ á dìde, á jáde. Ọmọ náà pàápàá kò tíì padà sípò. Ó ti ń dá jókòó tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, bí a bá gbé e jókòó, apá kan ló ń ṣubú sí. Dókítà ní kí a máa gbé e wá kí òun máa wò ó. Kò sọ pé ó máa dáa, kò sì sọ pé kò ní dáa.

Àwọn olóko pè wá lórí fóònù. Ọ̀gá wọn ní ó dun àwọn, pé láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo aṣọ ni àwọn máa fọ̀ kí ó tó kúrò lóko, ìyá Mádàámù kó jọ̀ọ́ máa bá àwọn ṣiṣẹ́ lọ. Àbúrò mi gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, ó tán."

Mo ní, "Kí ló tán?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá ni. Ọṣẹ wà níbẹ̀. Kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe?"

Mo bá a jà dáadáa. Mo pè é ní orúkọ tí mi ò lè kọ síbí. Ìyàwó wa jókòó ti maṣíìnì tí kò rán nǹkan kan, kò gbè sí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú Mádàámù lórí itan mi, mo rí Gìrìpá tó ń bọ̀ tòun ti àpò léjìká. Kò tíì rí wa láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ó gbé àpò sílẹ̀, ó tú ẹnu rẹ̀. Òórùn ọṣẹ jáde. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ lóòótọ́, wọ́n ká a létòlétò. Àbúrò mi wò mí bí ẹni tó jàre.

Gìrìpá kúnlẹ̀. Omijé wà lójú rẹ̀. "Màmá, Ọlọ́run ló yọ wá. Mádàámù mi! Ẹ jẹ́ kí n gbé e."

Ó na apá méjèèjì sí ọmọ. Mo rí ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Búlúù ni, ó tutù láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù, ìdí rẹ̀ tutù. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀. Wọ́n fọ ohun tó wà nínú àpò, ẹnì kan kò fọ ẹni tó gbé àpò.

Mo figbe ta, "Má fọwọ́ kàn án!"

Ó dúró bí ẹni tí mo gbá létí. "Màmá, kí ni mo ṣe?"

Mo kàn ń nawọ́ sí aṣọ tó wọ̀. Ó wo àyà ara rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Èyí? Èyí tí mo máa ń wọ̀ ni." Ó tún wò ó. "Màmá, èmi náà lọ́mọ nílé. Bí mo bá ti ń wọlé ló ń rá bọ̀ wá bá mi. Àyà mi yìí ló ń sùn sí tí ìyá rẹ̀ bá ń dáná. Ojoojúmọ́ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ níbẹ̀, lójú títì, kò rí bọ́tìnnì tú. Ìyàwó wa dìde nídìí maṣíìnì. Ó gbé korobá omi jáde àti ọṣẹ, ó gbé e sí iwájú rẹ̀. Ó mú ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ àti ẹ̀wù kan wá, ó kọ́ ọ sára ilẹ̀kùn. Ó ní kí gbogbo wa wo ibòmíràn. Gìrìpá wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa bí ọmọdé, àwọn tó ń kọjá ń rẹ́rìn-ín. Ó jáde nínú ṣòkòtò tí kò dé kókósẹ̀. Ní ọjọ́ míì, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí ìhà mi á fi ro mí.

Ó yẹ kó máa lọ sílé. Ó jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà wa.

Ó ní, "Àǹtí, mi ò lè lọ. Ó ti máa wà lẹ́nu ilẹ̀kùn báyìí. Bó bá rá wá bá mi ńkọ́? Bó jẹ́ pé ó ṣì wà lára mi ńkọ́?"

Ìyàwó wa dúró lókè orí rẹ̀ pẹ̀lú korobá òfìfo. Ọ̀rọ̀ tó sọ, ohùn líle ló fi sọ ọ́, bí ìgbà tó bá ń bá ẹni tó gé aṣọ ṣíṣì wí.

"Dìde. O ti wẹ̀. O ò wọ aṣọ yẹn mọ́. Lọ mú ọmọ ẹ, kí ìwọ àti ìyá ẹ̀ gbé e lọ bá dókítà kó wò ó, ṣé o gbọ́? Ìwọ ni kí o gbé e. Ọmọ ò mọ oògùn. Ohun tó máa mọ̀ kò ju pé ó nawọ́ sí ẹ, o sì sá fún un."

Mo gbójú sókè wò ó, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Gìrìpá dìde, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ìyàwó wa kò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé korobá sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó tún un nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e fún mi."

Mo gbé e fún un. Mádàámù ki ojú bọ ọrùn ìyá rẹ̀, ó fi ìka mú un ní kọ́là, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbà á títí ó fi sùn.